Kí Ìgò Tó Sọ Òótọ́: Ìrírí Mi Nídìí Wíwọn Nǹkan Olómi ní Láàbù

Gbogbo ìgò tó ní ìlà lára kọ́ ló ṣeé fi wọn nǹkan. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù tí mò ń bójú tó ní Ebute-Metta, torí mo mọ̀ pé bíkà, ìyẹn ife gíláàsì láàbù, ni ọwọ́ wọn máa kọ́kọ́ lọ bá. Bíkà rọrùn láti gbá mú, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, wọ́n sì ti kọ 50, 100, 150 sí i lára. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà yẹn á rò pé òun ti rí ìwọ̀n. Àmọ́ ẹni tó ṣe bíkà kò ṣe é fún ìwọ̀n. Ó ṣe é kí a lè po nǹkan nínú rẹ̀, kí a lè gbé e ka iná, kí a sì lè da nǹkan láti inú rẹ̀ sínú òmíràn. Ìlà ara rẹ̀ kàn ń sọ fún wa pé "ó máa tó báyìí" ni, àyè àṣìṣe tí wọ́n sì fún un sábà máa ń tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí bíkà 250 mílílítà, ìyẹn lé ní mílílítà 12. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ po ásíìdì tí àwọn ọmọ máa fi ṣe ìdánwò WAEC ti ba iṣẹ́ gbogbo kíláàsì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó.

Yaba ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, mo sì ṣe é pẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Isolo kí n tó bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀, èyí tí mo dì mú jù ni pé ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ṣèlérí, ó sì ti kọ ìlérí náà sára. Tiwa ni ká kà á, ká má sì béèrè ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n fi ń kọ ìlérí yẹn. Ẹ gbé fúláàsíkì ìwọ̀n kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, èyí tí ikùn rẹ̀ tóbi, tí ọrùn rẹ̀ gùn tó sì tín-ín-rín. Ìlà kan ṣoṣo ló yí ọrùn náà po. Lára ikùn rẹ̀, ẹ máa rí 1000 mL, ẹ máa rí 20 °C, ẹ máa rí "In", ẹ máa rí A tàbí B, àti nọ́ńbà kan tó ní ± níwájú. Èyí tí wọ́n kọ A sí lára ló péye jù. Fúláàsíkì lítà kan tó jẹ́ A kò gbọdọ̀ fi ju 0.4 mílílítà yẹ̀, ìbáà jẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. B lè yẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìyẹn. Pípẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì tóóró tí a fi ń fa nǹkan olómi) 25 mílílítà tó jẹ́ A, 0.03 ni tirẹ̀. Ti B, 0.06. Búrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì gígùn tó ní ìlà, tí a ń ṣí nísàlẹ̀ kó lè máa kán) 50 mílílítà tó jẹ́ A kò gbọdọ̀ kọjá 0.05. Ẹ wá fi sílíńdà ìwọ̀n 100 mílílítà tó jẹ́ B wé wọn: òun lè fi odindi mílílítà kan yẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa bá a wí. Mo fẹ́ràn sílíńdà, ojoojúmọ́ là ń lò ó, ṣùgbọ́n ibi tí mílílítà kan kò ti ní ba nǹkan jẹ́ ló yẹ ká ti lò ó, bíi ká fi bu omi tí a máa fi yọ́ iyọ̀ kí a tó kó o sínú fúláàsíkì.

"In" tí ẹ rí yẹn, àti "Ex" tó wà lára àwọn ohun èlò mìíràn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ láàbù fún ìgbà pípẹ́ láì bìkítà nípa wọn, wọ́n sì ṣe pàtàkì gan-an. Ohun èlò tó bá ní "In" ń sọ pé ohun tó wà nínú òun títí dé ìlà gan-an ni iye tí wọ́n kọ. Tí ẹ bá dà á jáde, díẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì, ohun tó bá jáde á sì dín. Èyí tó bá ní "Ex" ń sọ pé ohun tó bá jáde lára òun ni iye náà. Ẹni tó ṣe é ti ro ohun tó máa lẹ̀ mọ́ra mọ́ ọn kó tó fa ìlà. Fúláàsíkì ìwọ̀n jẹ́ "In", pípẹ́ẹ̀tì àti búrẹ́ẹ̀tì jẹ́ "Ex". Torí náà ẹni tó bá fẹ́ gbé odindi lítà kan láti ibì kan lọ síbòmíràn, tó wá kún fúláàsíkì dé ìlà tó sì dà á nù sínú kẹ́ẹ̀gì, kò tíì gbé lítà kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kán tó máa ń kù sẹ́nu pípẹ́ẹ̀tì ti wá. Kò sí ọdún tí mi ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ: "Àǹtí, ó ṣì kù díẹ̀ nínú ẹ̀." Lẹ́yìn náà, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè jáde. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Isolo, bàbá tí irun rẹ̀ ti funfun sídìí iṣẹ́ náà, máa ń gbé ọwọ́ lé apá èèyàn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó bá rí i pé ó fẹ́ fẹ́ ẹ. Á ní: "Ọmọ mi, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò." Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀kán náà kì í ṣe ara 25 mílílítà. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ jáde, ẹ ti sọ 25 di nǹkan mìíràn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán kan lè tó 0.05 mílílítà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì gbogbo àyè tí wọ́n fún pípẹ́ẹ̀tì A.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é nìyí. A máa kọ́kọ́ fi díẹ̀ lára ohun tí a fẹ́ wọn ṣan inú pípẹ́ẹ̀tì, ká dà á nù, torí omi tó bá ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa là á. A ó wá fa nǹkan náà kọjá ìlà díẹ̀, ká fi bébà tíṣù nu ìta ẹnu rẹ̀, ká jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú omi á fi bára mu pẹ̀lú ìlà. Ẹ̀kán tó bá rọ̀ sẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn, ká fi kan ara bíkà kó lè kúrò. Lẹ́yìn náà, a ó gbé e lọ sínú fúláàsíkì tí a máa lò, pípẹ́ẹ̀tì á dúró ṣánṣán, fúláàsíkì ni a ó dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu pípẹ́ẹ̀tì á sì fara kan ògiri inú rẹ̀. Ká wá tú u sílẹ̀ kó ṣàn fúnra rẹ̀. Tó bá ti ṣàn tán, ká dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí a tó yọ ọ́. Ẹni tó bá ń kánjú tó sì yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ti fi omi sílẹ̀ tó yẹ kó bá àwọn yòókù lọ. Irú kan wà tí a gbọ́dọ̀ fẹ́ o, àmọ́ ẹni tó ṣe é máa ń fi òrùka méjì tàbí àmì gbòòrò kan sí òkè rẹ̀ kí a lè mọ̀ ọ́n. Bí àmì yẹn kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fẹ́ ẹ.

Mo sì ní láti sọ èyí tagbáratagbára: ẹ má fi ẹnu fa pípẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ níbí ṣì ń ṣe é, torí rọ́bà tí a fi ń fà á tètè ń bàjẹ́, kò sì sí owó láti ra òmíràn. Àmọ́ ásíìdì kì í ṣe omi ọsàn, ọmọ tí ẹnu pípẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá sì yọ lójijì kúrò nínú ohun tó wà nínú bíkà, atẹ́gùn ló máa fà, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ á sì ga sókè bọ́ sí i lẹ́nu. Ní 1957, ní Marburg ní Jámánì, dókítà kan tó ń jẹ́ Heinrich Schnitger ṣe pípẹ́ẹ̀tì kékeré tí a ń fi àtàǹpàkò tẹ̀, torí pé fífi ẹnu fà á ti sú u. Irú ohun tó ṣe yẹn ni ọ̀pọ̀ láàbù ilé ìwòsàn ń lò lónìí. Bí àwọn yẹn bá lè kọ ẹnu sílẹ̀ látọjọ́ náà, kò sí ìdí tí ọmọ SS3 fi máa wà nídìí rẹ̀ ní Mushin.

Ọ̀rọ̀ ojú ló kàn, ibí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù.

Omi inú gíláàsì tóóró kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó máa ń gun ara gíláàsì díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àárín rẹ̀ á sì tẹ̀ sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibi tó tẹ̀ yẹn ni à ń kà. Bí nǹkan náà bá dúdú tàbí tó pọ́n kíjikíji débi pé a kò lè rí ìsàlẹ̀ yẹn, bíi potassium permanganate, òkè etí rẹ̀ ni a ó kà, ṣùgbọ́n òkè náà la gbọ́dọ̀ kà níbẹ̀rẹ̀ àti níparí. Kí ojú lè rí i kedere, mo máa ń gé páálí funfun, mo máa ń lẹ tépù dúdú mọ́ ìdajì rẹ̀ nísàlẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sẹ́yìn búrẹ́ẹ̀tì, tí dúdú náà wà nísàlẹ̀ ojú omi díẹ̀, ibi tó tẹ̀ náà á dúdú, á sì hàn ketekete. Páálí ìṣáná tó ti tán ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa.

Ṣùgbọ́n bí ojú kò bá sí ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú omi, páálí kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó bá wo sílíńdà látòkè á ka iye tó ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá wo búrẹ́ẹ̀tì látòkè, tirẹ̀ á dín, torí nọ́ńbà búrẹ́ẹ̀tì ń lọ sókè bí ojú bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú láàbù ilé ẹ̀kọ́ wa. Tábìlì ga, búrẹ́ẹ̀tì gùn, ìlà 0 rẹ̀ ga ju orí ọmọ náà lọ. Ọmọ náà á dúró nísàlẹ̀, á gbójú sókè ka ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ló ti ń wò ó, ohun tó kà á ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí titration (kíkán nǹkan láti inú búrẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ sínú òmíràn títí àwọ̀ á fi yí padà) bá parí, omi ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 25, ó ti wà nísàlẹ̀ ojú rẹ̀ báyìí, ọmọ náà kò sì ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wò ó látòkè. Ohun tó kà níparí á dín. Ìbẹ̀rẹ̀ lé, ìparí dín: tó bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, àṣìṣe méjèèjì á para pọ̀ láti jẹ́ kí iye tó rí kéré. Àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ pé àṣìṣe ojú máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́ nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì là ń kà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ bí ojú bá wà ní ipò kan náà sí omi nígbà méjèèjì. Lórí tábìlì gíga, pẹ̀lú ọmọ kúkurú, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, mo sì ti rí i tó ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn mọ́ tónítóní.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń sọ búrẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. Bí a bá fẹ́ rọ ásíìdì sí i, a ó gbé ìdúró rẹ̀ kúrò lórí tábìlì sórí àga kékeré, kí ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àyà ẹni tó ń rọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò sí ìdí tí ọmọ kankan fi yẹ kó máa rọ ásíìdì lókè ojú ara rẹ̀. Tí a bá fẹ́ kà á, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kó gun àpótí. Fún pípẹ́ẹ̀tì àti fúláàsíkì, ó tún rọrùn jù: ìlà wọn yí gíláàsì po. Bí ojú bá ga jù tàbí tó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ máa rí iwájú ìlà náà àti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á fẹ̀ díẹ̀ láàárín. Ẹ máa gbé orí yín díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì á fi pa pọ̀ di ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni ojú yín gbọ́dọ̀ wà. Mo máa ń jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe èyí pẹ̀lú omi lásán kó tó fọwọ́ kan kẹ́míkà, inú mi sì máa ń dùn nígbà tí mo bá gbọ́ "háà, ó ti di ọ̀kan!" láti ẹ̀yìn tábìlì.

Àwọn nǹkan kéékèèké nípa búrẹ́ẹ̀tì: ẹ yọ fọ́nẹ̀ẹ̀lì kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó kà á, torí ó lè kán sínú rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ ti ń ṣí i bóyá atẹ́gùn wà níbẹ̀. Atẹ́gùn tó bá jáde nígbà tí iṣẹ́ ń lọ á jẹ́ ẹ̀tàn lórí ìwé yín. Ohun tó máa wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣan án. Fúláàsíkì tí ẹ ń kán nǹkan sí ní tirẹ̀, omi tí kò ní iyọ̀ kankan nìkan ni kí ẹ fi ṣan án, kò sì ṣe nǹkan kan bó bá ṣì tutù nínú.

Èkó ní ìṣòro kan tí ìwé tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ òtútù kì í sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. 20 °C tí wọ́n kọ sára ohun èlò wa, ìyẹn ìgbóná tí ìwọ̀n rẹ̀ ti péye, ìgbà wo ni láàbù wa ń tutù tó bẹ́ẹ̀? Ní ọ̀sán oṣù kejì, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí, tẹmómítà tí mo fi kọ́ sí ògiri kì í kúrò ní àgbègbè 30. Omi a sì máa fẹ̀ bó bá gbóná. Lítà omi kan ní 20 °C á fi nǹkan bíi mílílítà méjì ààbọ̀ fẹ̀ sí i tó bá di 30 °C. Gíláàsì tó dára náà ń fẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kéré gan-an, kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá mílílítà kan lọ lórí lítà náà. Ẹ ti rí i: mílílítà méjì ààbọ̀ nínú fúláàsíkì tí ẹni tó ṣe é búra pé kò ní fi ju 0.4 yẹ̀. Gbogbo owó tí a fi ra A ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Ní Isolo, ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú yàrá tí a ti ń po nǹkan, ọ̀gá mi sì ní òfin kan nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí a ń po nǹkan lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kún fúláàsíkì dé ìlà títí jẹnẹrétọ̀ á fi tan, tí yàrá á sì padà sí bó ṣe wà. Àwọn tó ń dúró de àbájáde nílé iṣẹ́ ìsàlẹ̀ á máa pariwo. Bàbá náà kò ní dá wọn lóhùn. Ó tún ní ká kọ ìgbóná sára ìgò gbogbo ohun tí a bá pò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó pò ó. Mo ṣì ń ṣe é. Nílé ẹ̀kọ́ tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, kò pọn dandan ká dé 20. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ohun gbogbo jọ wà ní ìgbóná kan náà, ká má po ásíìdì nínú yàrá ọ̀gá àgbà tó tutù, ká wá gbé e wá síbi tó ń gbóná kí a fi ṣe titration pẹ̀lú ohun tó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè olóoru kan tilẹ̀ gbà kí wọ́n fi 27 °C ṣe ìwọ̀n àwọn ohun èlò wọn dípò 20, mo sì rò pé àwọn tó ń rà fún wa lè máa béèrè fún irú rẹ̀.

Ìgbóná tún ń wá látinú nǹkan fúnra rẹ̀. Ásíìdì líle tí a bá dà sínú omi máa ń gbóná gan-an (ásíìdì ló ń wọ inú omi o, ẹ má ṣe yí i padà). Ẹni tó bá kún un dé ìlà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ á rí i pé nígbà tó bá tutù, ojú rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ ìlà. Ẹ jẹ́ kó tutù ná.

Ọ̀rọ̀ yìí wúlò fáwọn tí kò sí ní láàbù náà. Ní 2020 tí Kòrónà dé, tí gbogbo èèyàn ń po sanitizer, ìyá kan tó ń ṣe ọṣẹ olómi tà ní Mushin wá bá mi. Ó ti rí ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde fún 10 lítà: ethanol (ọtí) 96%, 8333 mílílítà, hydrogen peroxide 3%, 417 mílílítà, glycerol 98%, 145 mílílítà, kí a wá fi omi tó ti hó tó sì ti tutù kún un dé ìlà 10 lítà. Ìyá yìí mọ ìṣirò. Ó ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó yọ ọ́ kúrò nínú 10,000, ó rí 1105, ó sì wọn omi 1105 mílílítà sí i. Kò dé ìlà.

"Àǹtí láàbù, ṣé kẹ́ẹ̀gì mi ló fẹ̀ ni, àbí wọ́n rẹ́ mi jẹ níbi tí mo ti ra ọtí?"

"Màmá, ẹnikẹ́ni ò rẹ́ yín jẹ."

Mo mú sílíńdà méjì jáde. Mo wọn ethanol 50 mílílítà sínú ọ̀kan, omi 50 sínú èkejì, mo da wọ́n pọ̀, mo sì ní kó fọwọ́ kan ara gíláàsì náà. Ó ní ó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́. A dúró kó tutù. Nígbà tí a kà á, kò pé 100. Ó fi mílílítà mẹ́ta sí mẹ́rin dín. Omi àti ọtí máa ń wọnú ara wọn, àyè tí wọ́n gbà pa pọ̀ kì í tó àyè tí kálukú wọn gbà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlànà náà fi sọ pé "kún un dé ìlà", tí kò sọ iye omi. Ìyá náà wo sílíńdà yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó ní: "Á jẹ́ pé ìlà ni mo máa tẹ̀lé." Ó sì tẹ̀lé e. Gbogbo ibi tí ìwé bá ti sọ pé ká kún nǹkan dé ìlà, ẹ má fi ìṣirò rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ríra àti yíyẹ̀wò ló kù. Ní ọjà kẹ́míkà Ojota, èèyàn á rí gíláàsì oríṣiríṣi, òmíràn dára, òmíràn jẹ́ pé ìlà ara rẹ̀ nìkan ló ní. Mo máa ń wo ìlà náà ná: tó bá nípọn jù tàbí tí kò yí ọrùn po tán, mo máa dá a padà. Mo máa ń wo lẹ́tà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọn kò bá sí, ẹni tó ṣe é kò ṣèlérí kankan. Lẹ́yìn náà, mo máa fi ìka kan ẹnu pípẹ́ẹ̀tì pẹ̀lẹ́. Ẹnu tó bá ti ṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó, nǹkan á máa yára ṣàn jáde níbẹ̀, ohun tó sì ń lẹ̀ mọ́ra á yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣírò.

Ṣùgbọ́n ojú lásán kì í mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá fura ló ń gbé kóńgò tirẹ̀ dání lọ sọ́jà. Kóńgò tèmi ni òṣùwọ̀n gíráàmù. Mo máa wọn fúláàsíkì kékeré kan tó gbẹ, tó ní ìdérí, màá fi pípẹ́ẹ̀tì 25 bu omi tí kò ní iyọ̀ sí i, màá tún un wọ̀n. Ní 30 °C, 25 mílílítà omi kì í wọ̀n tó 25 gíráàmù. Nǹkan bíi 24.87 ló máa fi hàn, torí omi ti fẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbé e díẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa ju pípẹ́ẹ̀tì tó dára nù. Màá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn nọ́ńbà náà bá sún mọ́ ara wọn ṣùgbọ́n tí wọ́n jìnnà sí 24.87, pípẹ́ẹ̀tì ló ní wàhálà. Bí wọ́n bá ń fò kiri, ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ni, tàbí kó jẹ́ pé inú pípẹ́ẹ̀tì náà ní epo. Gíláàsì tó mọ́, omi máa ń tẹ́ sára rẹ̀ láìsí ẹ̀kán kankan. Èyí tó ní epo, ẹ̀kán á tò sí i lára káàkiri, ohun tó bá jáde á sì dín. Ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ máa ń tó láti wẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbé e sínú ààrò gbígbóná kó lè tètè gbẹ o. Ẹ dorí rẹ̀ kodò, atẹ́gùn á gbẹ ẹ́.

Kí ìdánwò WAEC tó dé, mo máa ń yẹ gbogbo pípẹ́ẹ̀tì wa wò báyìí. Mo ń lẹ tépù kékeré mọ́ òkè wọn, mo ń kọ nọ́ńbà wọn àti iye tí wọ́n ń tú jáde gan-an sí i. Ti 20 àti ti 25 kì í wà nínú àpótí kan náà, torí iye tí olùkọ́ bá rí nínú titration tirẹ̀ ni wọ́n máa fi wé ti àwọn ọmọ, ọmọ tó bá fi 20 ṣiṣẹ́ tó sì kọ 25 sínú ìwé ti pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Olùkọ́ náà, nínú àpótí kan náà tí àwọn ọmọ ti ń mú tiwọn ni mo máa ń fún un ní tirẹ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣẹ́, mo máa ń fi tépù pupa sí i, iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn lọ ò ju pé ká máa fi kán omi sínú fúláàsíkì nígbà tó bá ku ẹ̀kán díẹ̀ kó dé ìlà.